Ilé Ewúrẹ́ Tó Ń Tẹ̀lé Olúkúlùkù

Ọkọ mi, ọmọ ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé nínú ilé gíga yẹn ti ń kí ara wọn láàárọ̀ báyìí, àbí wọ́n ṣì ń wolẹ̀ kọjá lára èèyàn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́? Ọlọ́run tó ṣọ́ ọ lóṣù tó kọjá kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ lóṣù yìí. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ dé ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Ọ̀gá rẹ yóò máa rí ọ nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ yóò sì wà níbòmíràn nígbà tí o bá ń tòògbé. Àmín.

Aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Orí máṣíìnì rẹ̀ ló gbé e lé, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan pẹ́dàlì, ọ̀rọ̀ mi á mì. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má rán léèsì mọ́ ọn létí. Ó fẹ́ kọ ọ́ pé àárò rẹ ń sọ mí. Mo ní kó pa á rẹ́. Àárò rẹ kò sọ mí. Nígbà tí o wà nílé, o máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kò sí adìẹ tí kò mọ yàrá mi ládùúgbò yìí. Ó ní òun ti pa á rẹ́. Bí o bá rí i nínú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ aránṣọ ni, dá a lóhùn bó ṣe wù ọ́.

Ara wa le. Eékún mi ọ̀tún ń dùn mí, tòsì sì ń bá a kẹ́dùn. Òjò kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ń ṣú nírọ̀lẹ́ bí àlejò tó yọjú tí kò fẹ́ jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn adìẹ Ìyá Aládìyẹ, aládùúgbò wa, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin tí òun fúnra rẹ̀ yé. Mo sọ fún un pé kó má lù ú, adìẹ yẹn ló kọ́kọ́ lóye ọ̀rọ̀ rẹ nípa oko tó ń bọ́ ara rẹ̀. Àtùpà tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o ní oòrùn ló máa ń mu, mo ti tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi kí oòrùn má baà bà á jẹ́, torí nǹkan tuntun ni. Kò tàn rí. Má bá ẹni tó tà á fún ọ jà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tan òun náà jẹ.

Ọ̀rọ̀ oko àjùmọ̀dá tí o gbé kalẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí ó ti di ọ̀ràn, ìwọ nìkan ló sì lè yanjú rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí o má baà sọ pé o kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí ohùn rẹ dé sínú fóònù aránṣọ, mo ní kí wọ́n dúró kí n wé gèlè. Àwa mẹ́rin tí ilẹ̀ wa jọ pààlà la pé jọ síwájú ilé mi: èmi, Ìyá Aládìyẹ, alágbẹ̀dẹ, àti àbúrò bàbá rẹ, tí mo bí fúnra mi tí kò sì ṣeé dá padà. O kí wa, mo dá ọ lóhùn. Mo ṣì ń béèrè àlàáfíà rẹ lọ́wọ́, ìwọ ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní kí o jẹ́ kí n parí, o kò dá mi lóhùn. Aránṣọ ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, pé o kò lè gbọ́ wa. Mo ní ẹni tí kò lè gbọ́ràn kò yẹ kó máa sọ̀rọ̀ láàárín àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí alágbẹ̀dẹ ní ibì kan kò yé òun, tí wọ́n ní kí o tún un sọ, o tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìbínú, o tiẹ̀ tún kí wa. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé ṣì ku díẹ̀ lára rẹ.

O ní kí a da ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, láti ojú títì dé etí odò. O ní Ìyá Aládìyẹ ń da ìgbẹ́ adìẹ sẹ́yìn ilé, àbúrò bàbá rẹ sì ń ra ajílẹ̀ inú àpò; àbúrò bàbá rẹ ń dáná sun pòròpórò àgbàdo, alágbẹ̀dẹ sì ń ra oúnjẹ fún ewúrẹ́. O ní ohun tí ọ̀kan ń dà nù ni èkejì ń rà. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn, torí òótọ́ ni, ó sì dùn wá pé ọmọ tí kò lè ro oko tó fẹ̀ tó ẹní ló rí i. O ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ á bọ́ àgbàdo, pòròpórò á bọ́ ewúrẹ́, ìgbẹ́ adìẹ á bọ́ ẹja nínú adágún, omi adágún á sì bọ́ ẹ̀fọ́. O ní tó bá yá, a ò ní máa ra nǹkankan láti ìta mọ́.

Mo ní kí a kọ́kọ́ dán ìyẹn wò, torí a kì í tìtorí pé ọ̀rọ̀ dùn ká gbé e mì láìjẹ. A yan ọjọ́ kan pé nǹkan ìta kankan kò ní wọ ilé ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, kò sí ìṣáná, a lọ fọn iná lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Lọ́sàn-án, a jẹ ẹ̀wà láìsí iyọ̀, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo bá àbúrò bàbá rẹ lẹ́yìn ilé, ó kọjú sí ògiri, ṣúgà ló ń lá látẹ́lẹwọ́. Mo béèrè bóyá oko tirẹ̀ ló ti hù. Ó ní dókítà ló ní kí òun máa lá a. Mo ní dókítà wo, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Nítorí náà, kọ ọ́ sínú ètò rẹ pé a ò ní ra nǹkankan láti ìta, àfi iyọ̀, ìṣáná, òwú ìránṣọ, irin, àti ṣúgà fún ẹni tí kò nítìjú.

Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ béèrè iye ẹnu tí oko náà máa bọ́. A ka ara wa, a ka àwọn ọmọ, a ka ewúrẹ́ àti adìẹ. Mo ní kí wọ́n ka ẹyẹ àti kòkòrò àgbàdo mọ́ ọn, torí kò sí ìkórè kan tí wọ́n pa jẹ rí. Aránṣọ ní àlàfo tó wà níbẹ̀ kò gbà á. Mo ní kí wọ́n wá ìwé tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ẹnu, kó má sá nígbà tí ẹnu bá ń dé.

Má rò pé ìfẹ́ ló jẹ́ kí n fara mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Oníyanrìn ni. Ọkùnrin kan tó ń wa yanrìn tà fún àwọn tó ń kọ́lé ti ń wá sọ́dọ̀ wa, ó fẹ́ ra ilẹ̀. Ó ti ra òdìkejì odò, mo sì máa ń wo ibẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná mi. Kòtò ló kù níbẹ̀, àti ẹ̀fọn, àti igi kan ṣoṣo tó dúró lórí òkìtì bí ẹni tí wọ́n kó ilé rẹ̀ lọ tán tí wọ́n gbàgbé òun sílẹ̀. Ó ní òun ò bìkítà bóyá gbogbo wa ló tà tàbí ẹnì kan. Ìyẹn gan-an ló burú, torí bí ẹnì kan bá tà, kòtò tirẹ̀ á máa fa ilẹ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọnú díẹ̀díẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ fẹ́ tà. Ó ní owó máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àgbàdo sì máa ń pẹ́. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá ta ilẹ̀ tó dúró lé, kó yáa tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò. Oníyanrìn fún wa láyè títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀, torí bí ilẹ̀ bá ti rọ̀, ọkọ̀ típà rẹ̀ kò lè wọlé mọ́.

Àwòrán oko rẹ wá dé sínú fóònù. Ó dára, mi ò ní purọ́. Àgbàdo jẹ́ àwọ̀ ewé, omi jẹ́ búlúù, ilé ewúrẹ́ sì pupa. Ìwọ náà mọ̀ pé níbí, ẹnu ọ̀nà ilé ẹni lèèyàn ti ń mọ ilẹ̀ ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ààlà rẹ̀ han èèyàn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á nawọ́. Ilé wa mẹ́rin sì yí ilẹ̀ náà ká: ti alágbẹ̀dẹ lójú títì, tèmi létí odò, ti àbúrò bàbá rẹ àti ti Ìyá Aládìyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n kọjú síra wọn. Nítorí náà, kálukú gba fóònù, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀, ó wò ó.

Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ wò ó. Ó rí i pé ilé ewúrẹ́ wà lọ́wọ́ òsì òun, nítòsí, lábẹ́ fèrèsé tí ìyàwó rẹ̀ ń sùn sí. Ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. Ìyá Aládìyẹ gbà á, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀: ọwọ́ òsì, nítòsí, ibi tó máa ń sá aṣọ sí. Òun náà kan èèkàn. Àbúrò bàbá rẹ gbà á: ọwọ́ òsì, nítòsí. Èmi náà gbà á, ewúrẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná mi. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, a ti kan èèkàn ilé ewúrẹ́ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ alágbẹ̀dẹ nìkan ló ní ewúrẹ́ láàárín wa.

Ni ìjà bá dé. Ìyá Aládìyẹ ní alágbẹ̀dẹ ti fún ọ ní nǹkan. Alágbẹ̀dẹ ní bí òun bá fún ọ ní nǹkan, ṣé abẹ́ fèrèsé ìyàwó òun lo máa wá kó òórùn sí? Àbúrò bàbá rẹ ní ẹ̀san lò ń gbà nítorí pé òun nà ọ́ nígbà kan lórí ọ̀rọ̀ máńgòrò. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kò tíì tó ẹni tí èèyàn máa tìtorí rẹ̀ ya odindi oko. Wọ́n wá fẹ́ yí fóònù náà kí ewúrẹ́ lè bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ti yí i, àwòrán náà á yí padà, á tún dúró ṣánṣán, ewúrẹ́ á sì padà sọ́wọ́ òsì. Alágbẹ̀dẹ yí i kíá kó má baà mọ̀, ó mọ̀. Àbúrò bàbá rẹ kẹ̀yìn sí ilẹ̀, ó ń yọjú wò ó láti èjìká. Aránṣọ ní bí wọ́n ṣe ṣe fóònù náà nìyẹn. Mo ní ẹni tó ṣe é kò sin ewúrẹ́ rí.

Ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọ? Ní tèmi, bí a bá yọ ti ewúrẹ́ kúrò, àwòrán náà dùn mọ́ mi. Odò tó wà lẹ́yìn ilé mi, iwájú mi lọ́hùn-ún ni mo ti rí i. Mo ní ọmọ yìí ti gbàgbé ilé, àánú rẹ ṣe mí. Ṣùgbọ́n adágún ẹja bọ́ sí ọ̀kánkán mi, lórí ilẹ̀ alágbẹ̀dẹ, ó sì gba gbogbo rẹ̀. Mo yin adágún yẹn gidi. Mo sọ fún alágbẹ̀dẹ pé ilẹ̀ kì í ṣe nǹkan téèyàn ń rọ̀ mọ́ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń rọ̀ mọ́ ọmú, pé ẹni tó bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, orúkọ rẹ̀ kò ní parẹ́, àti pé kò tún ní wá omi tó máa ti irin gbígbóná bọ̀ mọ́. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó ní kó wọnú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni oníyanrìn dé. Ó rí èèkàn tó pọ̀ nílẹ̀, ó béèrè, wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ̀ rẹ̀ mú. Ó ní àwọn tí kò tíì mọ ibi tí ewúrẹ́ máa sùn ló fẹ́ bọ́ ara wọn. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbé àpótí ìjókòó mi lọ sáàárín ilẹ̀, mo gba fóònù, mo tẹ́ ẹ sórí rẹ̀ kó kọjú sókè. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́, kì í ṣe òun ló máa tẹ̀lé wọn, àwọn ni wọ́n máa rìn yí i ká. Mo ní kí aránṣọ rọra yí àpótí náà títí omi búlúù inú àwòrán yóò fi wà lápá ibi tí odò gidi wà. Ó yí i. Àwòrán náà sùn, kò mira.

Gbogbo nǹkan bọ́ sípò. Ilé ewúrẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alágbẹ̀dẹ, níbi tí ewúrẹ́ rẹ̀ ti ń sùn látọjọ́ tó ti ń sìn wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ti ń gbóòórùn náà tipẹ́, fóònù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kó mọ̀ pé ó ń rùn. Adìẹ wà lọ́dọ̀ Ìyá Aládìyẹ, àgbàdo wà lórí ilẹ̀ àbúrò bàbá rẹ. Kò sẹ́ni tó pàdánù nǹkankan. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ọ́, ni mo bá wo ibi tí adágún wà. Etí odò ni. Ilẹ̀ mi ni. Kì í ṣe apá kan rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni, títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Alágbẹ̀dẹ wá rọra ní, “Ìyá, ẹ yin adágún yẹn dáadáa lánàá.” Mo wá àpótí kí n jókòó, fóònù ló wà lórí rẹ̀.

Gbọ́, ọkọ mi. Mi ò ní sọ fún ọ pé mo fẹ́ràn ilẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ kì í fẹ́ràn èèyàn padà, ẹ̀yìn ríro ni mo mọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá bàbá rẹ ti kú, ẹ̀wà tí mò ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń wá. Tòmátò tí mò ń tà, ibẹ̀ ló ti ń wá. Mi ò na abọ́ sí ẹnikẹ́ni rí, títí kan bàbá rẹ. Bó bá di adágún, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni n óò máa wò kí n tó jẹun. Ìwọ pè é ní àjùmọ̀jẹ. Lọ́jọ́ orí tèmi, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́.

Àbúrò bàbá rẹ náà mọ̀. Ó sún mọ́ mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí a gba owó oníyanrìn, pé ó kéré tán owó á wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní tọrọ. Oníyanrìn ti ń tú okùn àpò rẹ̀. Mo wo òdìkejì odò. Mo wo àbúrò bàbá rẹ. Mo rántí pé bí owó bá wà nítòsí rẹ̀, kì í pẹ́ kó tó di ìtàn, a ò tíì wá sọ ti kòtò.

Mo ní, “Ẹ gbẹ́ adágún náà.” Mo ní ṣùgbọ́n àgbàdo àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni kó tó wọ ilé ìdáná mi, mi ò sì ní wá gbà á, wọn á gbé e wá bá mi níbi tí mo bá jókòó sí. Ẹja náà bẹ́ẹ̀. Ẹyin náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé e wá kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹ ṣeun. Alágbẹ̀dẹ gbà. Ìyá Aládìyẹ béèrè bóyá ẹyin tó ti sán wà nínú rẹ̀, mo ní rárá, òun náà gbà.

Ó ku àbúrò bàbá rẹ. Ó wo fóònù tó wà lórí àpótí, ó ní, “Gbogbo wa la fi ilẹ̀ sílẹ̀. Kí ni ẹni tó yà á fi sílẹ̀?” Ọmọ tí mo bí yẹn kì í sábà sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní bí òun bá rí ọ nínú kòtò adágún pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun á da ilẹ̀ òun mọ́ tiwa. Bí òun kò bá rí ọ, oníyanrìn lòun á tà á fún, kí àwa yòókù máa fi fóònù roko. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Oníyanrìn so àpò rẹ̀ padà, ó ní òun á máa wo ojú ọ̀run.

Mi ò bẹ̀ ọ́ o. Bí o kò bá wá, n óò gbin ẹ̀wà mi létí kòtò títí kòtò á fi wá bá mi nílé. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bọ̀, má wá bí ẹni tó wá kíni, tó gbé báàgì kékeré kọ́ èjìká tó sì ti ń béèrè ọkọ̀ àtipadà. Gba ìsinmi tó tó gbẹ́ adágún lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o sì dúró títí omi á fi wọnú rẹ̀. Bó bá ní ta ló ní kí o máa lọ, sọ fún un pé ẹni tó ni ọ́ kí òun tó gbà ọ́ síṣẹ́ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, torí a kì í kọ̀wé sí ọmọ tó wà ní ìlú ńlá ká má mẹ́nu bà á. Èyí tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi níparí oṣù, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi wọ ọkọ̀. Bó bá ṣẹ́ kù, fi ra ṣọ́bìrì. Má ra bàtà òjò, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán dúró nínú ẹrẹ̀ ló máa ń mọ ibi tí omi ti ń wá. Èyí tí o bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, o lè mú un dání wá, mi ò ní bínú.

Awakọ̀ tó máa gbé ọ kò ní sùn nídìí ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ yóò bó, yóò jinná, yóò sì le. Ilẹ̀ tí o bá gbẹ́ kò ní mu omi mọ́ ọ lọ́wọ́. Òjò á dúró dè ọ́ díẹ̀, kò ní dúró jù. Ọlọ́run á jẹ́ kí n pẹ́ tó láti jẹ nínú ẹja adágún yẹn, ẹja náà yóò sì tóbi tó ilẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ fún un.

Èmi ìyá bàbá rẹ ló sọ ọ́. Aránṣọ ló kọ ọ́.